Ojú Màmá Lára Pánẹ́ẹ̀lì

Mọ̀dínátù ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Hamdalah là ń pè é nílé wa ní Ìgàndó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe sítébílásà ló ti kọ́ṣẹ́; nígbà tí wọ́n ti ibẹ̀ pa, ó gbé iṣẹ́ wálé. Pánẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe, pátákó pẹlẹbẹ tó máa ń wà nínú rédíò àti ínfátà, tí ọ̀nà iná pọ̀ lára rẹ̀ bí ọ̀nà èèrà.

Yóò ní kí wọ́n bá òun tẹ ìlà iṣẹ́ sára bébà dídán nílé ìtẹ̀wé, yóò dojú bébà náà dé pátákó tí wọ́n fi bàbà bò, yóò sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí yíǹkì yóò fi lẹ̀ mọ́ bàbà. Lẹ́yìn náà ni yóò bó bébà kúrò, tí yóò sọ pátákó sínú ike omi pupa kan tó ń jẹ bàbà. Ibi tí yíǹkì bò nìkan ni omi yẹn kì í jẹ, ibẹ̀ náà ló ń di ọ̀nà iná. Bébà dídán wọ́n, nítorí náà ìwé ètò ìsìnkú ló ń kó jọ, ó ń tẹ iṣẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣófo. Kò sí òkú tí wọ́n sin ládùúgbò wa tí kò ràn án lọ́wọ́.

Omi pupa yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó ta sára táìsì funfun tí lánlọ́ọ̀dù wa, Alàgbà Báyọ̀dé, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì ṣeé fọ̀. Alàgbà kì í pariwo. Ó kàn sọ pé tó bá di Sátidé, kí Ìyá Hamdalah fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ tàbí kó kó ẹrù rẹ̀.

Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Lánlọ́ọ̀dù wo ní Alimọ̀ṣọ́ ni yóò gba irú omi bẹ́ẹ̀ láàyè? Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, oko ẹ̀gẹ́ bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló kù. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé ẹ̀rù ń ba òun.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, iná dé. Ó sáré ki áyọ́ọ̀nù bọ iná kó lè parí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ìkánjú ni kò jẹ́ kó mọ̀ pé òdìkejì bébà kan, níbi tí fọ́tò òkú wà, ni òun dojú rẹ̀ dé bàbà. Nígbà tó yọ pátákó náà nínú omi, kò rí ọ̀nà iná. Ojú màmá Alàgbà ló rí lára bàbà, màmá tí wọ́n sin lóṣù méjì sẹ́yìn, tó wé gèlè, tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan náà, yíǹkì kan náà, ló kúkú tẹ ìwé ìsìnkú màmá àti iṣẹ́ Ìyá Hamdalah.

Kò tíì rí ibi tí yóò tọ́jú rẹ̀ sí tí Alàgbà fi wọlé wá wò bóyá ó ti ń palẹ̀ mọ́. Ó gba pátákó náà, ó wò ó pẹ́.

"Ìyá Hamdalah, ta nìyí?"

"Ẹ má bínú, sà. Màmá ni. Àṣìṣe ni."

"Àṣìṣe ni lóòótọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni ilà ìbàmú màmá wà. Ọ̀tún lẹ fi í sí."

Ìyá Hamdalah kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé pé ohun tí èèyàn bá fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ máa ń yí padà bí ti inú dígí. Ìdí nìyẹn tí òun fi máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ yí i kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

"Ẹ lọ yí i, jàre. Mẹ́fà ni kẹ́ ẹ ṣe. Ọmọ mẹ́fà ni màmá bí."

"Níbo ni kí n ti ṣe é, sà? Ọ̀la ni Sátidé."

Alàgbà wo táìsì rẹ̀. "Ṣé mo ní kẹ́ ẹ lọ síbì kankan ni?"

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá tèmi tí mo dúró sí, ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì.

Lọ́jọ́ kejì, Alàgbà fúnra rẹ̀ ló lóṣòó ti ike, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa mì í. Ojú ìyá rẹ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀, ìbàmú wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Alàgbà fi apá aṣọ nu ojú. Ó ní òórùn omi yẹn ń ta òun lójú.

Òórùn omi yẹn kì í ta èèyàn lójú. Ìyá Hamdalah mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù, sà," ló sọ.