Àgbá Funfun ní Gáréèjì Ìṣẹ́

Wọn ò tíì pẹ́ dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí Ìṣẹ́ Èkìtì láti máa ṣe wolé-wolé. Bàbá mi ti ṣe iṣẹ́ náà rí ní Ìkẹ́rẹ́. Ojú mi ni àwọn ìyá tó tó bí i lọ́mọ ṣe ń kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó má fà wọ́n lọ sí kóòtù. Mo búra pé kò sí ìyá tí yóò kúnlẹ̀ nítorí tèmi.

Gáréèjì ló fẹ́ ba ìbúra mi jẹ́. Ìdọ̀tí ibẹ̀ pọ̀ débi pé ọ̀gá mi ní òun á kó gbogbo olóúnjẹ ibẹ̀ lọ sí kóòtù. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo wá àgbá mẹ́rin tí wọn yóò máa da ìdọ̀tí sí, mo fọwọ́ ara mi kùn wọ́n ní ọ̀dà funfun, mo tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà. Èrò mi ni pé ohun tó bá rẹwà á mú kójú ti ọ̀bùn.

Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ewé mọ́ínmọ́ín ṣì kún ilẹ̀. Mo yọjú wo inú àgbá, àfi omi òjò, tí wọ́n fi páànù bò dáadáa. Àwọn èrò ọkọ̀ ń bù ú fọwọ́, wọ́n sì ń kí mi pé mo ṣeun. Orí mi dàrú. Inú ń bí mi, síbẹ̀ mo ń dá wọn lóhùn pé kò tọ́pẹ́.

Mo sọ fún ìyá àgbà tó ń ta mọ́ínmọ́ín níbẹ̀ pé, “Yèyé, àgbá ìdọ̀tí mà nìyí.”

Ó wo àgbá, ó wò mí. “Ọmọ mi, ta ni yóò da udọ̀tí sí ohun tó mọ́ ju àwo ulé rẹ̀ lọ?”

Ó ní kí n lu ìdí mẹ́ta nínú àgbá náà já kí wọ́n má lè gbomi dúró mọ́, kí n tò wọ́n ti ìkẹrin tí wọ́n fi ń fọwọ́. “Ẹni tó bá jẹun tán á wá fọwọ́. Kò sì ní mú ewé dání fọ ọ́.”

Ó dùn mí bí mo ṣe ń fi ìṣó lu ọ̀dà mi. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ilẹ̀ gáréèjì ti mọ́.

Ọ̀gá mi dé, ó yìn mí títí. Ó kọjú sí ìyá yẹn: “Màmá, ẹ rí ohun tí ọmọ yìí ṣe fún yín? Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Mo fẹ́ sọ pé ìyá náà ló kọ́ mi. Títí di òní, n kò mọ ohun tó dí mi lẹ́nu. Ìyá náà gbé ewé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.