Ojú Ògiri àti Káàdì Ìkẹyìn

Ojú Ògiri là ń pe télọ̀ yìí, torí bí ayọ̀ dé, bí ìbànújẹ́ dé, ojú ẹ̀ kì í yí padà. Nídìí pókà, tẹ́tẹ́ oníkáàdì, ló ti kọ́ ọ. Ó sì kọ́ ìyàwó ẹ̀ lédè àwọn tó ń ta á, bí ìyẹn ṣe ń ránṣọ lórí ẹ̀rọ tí ìyá tó bí i fi sílẹ̀ fún un.

"Tó o bá gbọ́ fóòdù, ẹni náà ti jáwọ́, ó ti ju káàdì ẹ̀ nù. Blọ́ọ̀fù ni pé ọwọ́ ẹ ṣófo, o wá ń halẹ̀ bí ẹni tó ní. Ọ́ọ̀lù-ìn, gbogbo ohun tó o ní ti wà lórí tábìlì nìyẹn."

"Ìyẹn ni mi ò fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín," ni ìyàwó fèsì. "Ẹ̀rọ ìyá mi kì í ṣe ohun tábìlì."

Ó lóun gbọ́. Ó kúkú gbọ́, etí ẹ̀ ò di.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, owó tán lọ́wọ́ ẹ̀. Ó rí alápatà tó jókòó kọjú sí i tó ń fahọ́n lá ètè, ó ní ẹ̀rù ló ń ba eléyìí. Ló bá ní ọ́ọ̀lù-ìn, ẹ̀rọ ìránṣọ lòun fi lé e. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀ o. Blọ́ọ̀fù gbáà ni. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un?

Alápatà ní òun gbà.

Onígbàjámọ̀ tó ń pín káàdì wá ṣí èyí tó kẹ́yìn nínú márùn-ún tí gbogbo wọn jọ ń lò láàárín tábìlì. Gbogbo èèyàn wo káàdì. Ojú alápatà ni Ojú Ògiri ń wò ní tiẹ̀, bó ti máa ń ṣe. Bí ìyẹn ṣe ṣí káàdì ọba méjì tó bá ọ̀kan tó wà nílẹ̀ di mẹ́ta báyìí, Ojú Ògiri da káàdì méjì ọwọ́ tiẹ̀ dé, ó jù wọ́n sórí òkìtì èyí tí wọ́n ti jù nù.

Atúnbàtàṣe tó dúró lẹ́yìn ẹ̀ ló sọ̀rọ̀. "Télọ̀, alámì ọkàn pupa ni káàdì tó jáde kẹ́yìn yẹn. Pẹ̀lú méjì ọwọ́ ẹ àti méjì tó ti wà nílẹ̀, ó pé márùn-ún alámì kan náà. Ó ju ọba mẹ́ta lọ. Ìwọ lo jẹ."

Ojú Ògiri nawọ́ sí òkìtì náà. Onígbàjámọ̀ fọwọ́ bò ó.

"Káàdì tó bá ti kan òkìtì ti kú. Ta ló ṣòfin yẹn níbí?"

Ojú Ògiri fúnra ẹ̀ ni. Káàdì atúnbàtàṣe yìí gan-an ló fi òfin ọ̀hún pa lọ́dún tó kọjá, ó gbowó ẹ̀, ara ò sì ta á.

Kílẹ̀ tó ṣú, alápatà ti wá gbẹ́rọ. Ìyàwó fúnra ẹ̀ ló yọ aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́. Kò pariwo. Ojú ọkọ ẹ̀ ló ń wò.

"Ṣó tiẹ̀ dùn yín?"

Ọkọ fẹ́ sọ pé ó dun òun wọra. Ojú ẹ̀ ò gbà. Ó dúró gbọnin bí ẹni tó ṣì ń ṣọ́ káàdì ọwọ́ ẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n rí i lójú yín, kí n lè dúró."

Ìyàwó wò ó títí, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó mú téèpù ìwọ̀n ẹ̀, ó wọ bàtà, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ.

Ojú Ògiri jókòó síbi tí ẹ̀rọ wà tẹ́lẹ̀. Fọ́nrán òwú kan ṣẹ́ kù sílẹ̀ níbẹ̀. Ó mú un, ó wé e mọ́ ìka. Ìgbà yẹn lojú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́, tí omijé ń dà wálẹ̀, kò sì sẹ́nì kankan nílé tí yóò rí i.