Áńgẹ́lì Tó Wọ Bàtà

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Magdalene Akíndúró fi ń tan àbẹ́là méje orí pẹpẹ ní ìjọ aláṣọ-funfun kan ní Castle Green. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ilé ìdáná iléèwé kan ní Mayesbrook ló máa ń wà, tí yóò máa fọ ìkòkò, tí àwọn ọmọdé yóò máa pè é ní "Miss". Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, tó bá ti mú ìṣáná lọ́wọ́, gbogbo ìjọ a dákẹ́ dè é. Kò sí ibòmíràn ní gbogbo Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ti ń dákẹ́ de Magdalene.

Àfi bí Ìrètí ṣe dé. Físà ìtọ́jú arúgbó ló gbé e wá lọ́dún 2022. Ó mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀, ó mọ̀ ọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ra àwòrán kan ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù ní Parsloes, ó gbé e wá fún ìjọ. Ọ̀gá ayàwòrán ará Ítálì kan láyé àtijọ́ ló fi abẹ́rẹ́ fín in sára bàbà, tó fi tàdáwà tẹ̀ ẹ́ sórí pépà: áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì ń kí Màríà. Inú Alágbà Olúdayọ̀, olórí ìjọ, dùn dé ẹ̀yìn. Ó gbé e kọ́ sókè pẹpẹ, ó ní, "Sister Ìrètí, next Sunday, ìwọ lo máa light àwọn candle wa o."

Magdalene pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Magdalene lẹ́ran láyà dáadáa, ṣùgbọ́n inú ni owú ti ń jẹ tirẹ̀ bọ̀. Àlejò àná lásán-làsàn! Àwòrán dúdú tí kò tilẹ̀ ní àwọ̀!

Ní Sátidé, ó lọ gbá ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gun àga, ó tẹjú mọ́ àwòrán náà bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ó wo ìyẹ́ áńgẹ́lì, ó wo aṣọ Màríà, ó wo ológbò kékeré tó sùn sídìí àga. Ó dára lóòótọ́, ìyẹn ló sì bí i nínú jù. Nígbà tí ojú rẹ̀ dé ẹsẹ̀ áńgẹ́lì, ó pariwo, "Ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́!"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, kí Ìrètí tó gba ìṣáná, Magdalene dìde. "Alágbà, ẹ má bínú o. Ṣebí gbogbo wa la bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà? Ta ló wá ní kí ẹni tó wọ sandals máa dúró lórí pẹpẹ wa?"

Alágbà wọ awò ojú, ó sún mọ́ àwòrán náà. "Ah! Ó wọ bàtà lóòótọ́." Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó dá ìṣáná padà fún Magdalene.

Ìrètí kúnlẹ̀. Kò sí àrékérekè kankan lójú rẹ̀. "Thank you, Mummy. Since tí mo ti gbé e wá, kò sẹ́ni tó really wò ó. Ẹ̀yin nìkan lẹ wò ó dáadáa."

Ìtìjú gbá Magdalene mú. Ó fẹ́ sọ pé owú ló gbé òun gun àga, ṣùgbọ́n àbẹ́là ló kọjú sí. Igi ìṣáná mẹ́rin ló kán mọ́ ọn lọ́wọ́ kí àbẹ́là àkọ́kọ́ tó gbaná.