Sùtánà Tí Màmá Fi Falẹ̀

"Má mira o," ni Màmá wí, mo sì jókòó jẹ́ẹ́ sójú kan. Èmi ni wọ́n fi di etí aṣọ funfun mọ́lẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, wọ́n ní ìwúwo mi tó gẹ́lẹ́. Sísọ́ọ̀sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹsẹ̀ mi, ṣàà, ṣàà. Òórùn áyọ́ọ̀nù gbígbóná àti ti tùràrí gba gbogbo pálọ̀ kan, rédíò ń dá sọ̀rọ̀ ní kíṣìnnì, bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Barking sì ń mí hẹẹ nísàlẹ̀ ojú fèrèsé.

Màmá kì í ṣe ìyá mi àgbà. Aládùúgbò wa ni wọ́n ní Thames View, nílùú òyìnbó níbí, ẹnu ọ̀nà wọn kọjú sí tiwa. Màámi ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, wọn kì í sì í tètè dé, nítorí náà ọ̀dọ̀ Màmá ni mo ti ń jẹun tí mo bá ti ilé ìwé dé. Àwọn ló ń rán sùtánà fún gbogbo ìjọ Aládùúrà wa. Wọ́n ní ìwé ìwọ̀n kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fàya. Láti iwájú ìwé náà, ọkùnrin ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá yí i padà, tí ẹ ṣí i láti ẹ̀yìn, obìnrin ni. Bí wọ́n ṣe ń jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìjọ náà ni Màmá ṣe kọ wọ́n. "Ẹni tí mo bá ti wọ̀n," wọ́n á ní, "kò lè sọnù mọ́ mi lọ́wọ́."

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Arẹwà kan ló wọlé, ó ga, ó di irun gígùn, ó ń ta sánsán. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù onírun kan ní Heathway. Ó wo orí mi.

"Who did this to you, babes? Jọ̀ọ́, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi."

Màámi ló di irun ọ̀hún. Mo rẹ́rìn-ín títí Màmá fi fojú bá mi wí.

Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ ọ́n, nítorí kò sẹ́ni tó lè kọrin bíi tirẹ̀ nínú kúáyà àwọn ọmọdé. Ọmọkùnrin ni wọ́n kà á sí nígbà náà. Nígbà tó dàgbà, ó sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé obìnrin lòun, ó yan orúkọ obìnrin, ó sì ń gbé ìgbé ayé rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Èmi ń pè é ní Àǹtí, torí Àǹtí ni mo rí.

Ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkórè ti ń bọ̀, mo fẹ́ wá. But I can't wear that old one again, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán ti obìnrin. Ẹ kàn gbé mi lọ sẹ́yìn ìwé yẹn."

Màmá bọ́ awò ojú wọn. "Ṣé kì í ṣe pé o fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ nílé Ọlọ́run?"

"Rárá, ma. I just want to sing."

Wọ́n wọ̀n ọ́n, láti èjìká dé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò kọ ọ́ síwájú, wọn ò kọ ọ́ sẹ́yìn. Bébà pélébé kan ni wọ́n kọ ọ́ sí, wọ́n fi há àárín ìwé.

"Jẹ́ kí n fi sádùúrà ná," ni wọ́n wí. "Padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó padà wá. Wọ́n tún ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín dání, ó ní, "Màmá, no pressure o," ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń lọ. Aṣọ funfun tó yẹ kí wọ́n fi rán an wà lórí àga, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi rà á. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ jókòó ni mò ń gbé e kúrò.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìkórè pé nígbà tí Màámi dé láti ibi iṣẹ́, tí wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà Màmá láì bọ́ kóòtù. "Wọ́n ti pa á," ni wọ́n wí. Ọkùnrin kan tó mọ ohun tó jẹ́, tó sì kórìíra rẹ̀ nítorí ìyẹn nìkan, ló pa Àǹtí. Orúkọ àtijọ́ ni ìwé ìròyìn gbé jáde.

Bàbá rẹ̀, alàgbà nínú ìjọ wa, wá lọ́jọ́ kẹta. Wọn ò jókòó. "Màmá, ẹ bá wa rán èyí tí a máa fi sin ín. Ti ọkùnrin."

Màmá ṣí ìwé láti ẹ̀yìn. Wọ́n mú bébà pélébé yẹn, wọ́n da ìwọ̀n náà kọ síbẹ̀ lójú bàbá náà, wọ́n sì kọ orúkọ tí Àǹtí yàn sí i lórí. "Ẹ má bínú sí mi, Alàgbà. Èyí nìkan ni mo ní."

Bàbá náà wo ìwé yẹn pẹ́ títí. Wọ́n jáde láì dágbére, wọ́n sì lọ ra èyí tí wọ́n ti rán sílẹ̀ níbòmíràn. Òun ni wọ́n fi sin ín.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú náà ni Màmá gé aṣọ funfun yẹn. Mo jókòó sí etí rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n mò ń bínú sí wọn, mo sì bi wọ́n pé ta ló máa wọ̀ ọ́. Omi ojú wọn ń kán sórí aṣọ, wọ́n sì ń fi áyọ́ọ̀nù gbẹ ẹ́.

Lọ́dọọdún, nínú oṣù kọkànlá, àwọn kan máa ń pé jọ nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Barking láti ka orúkọ àwọn ẹni bíi ti Àǹtí tí wọ́n pa. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, ilẹ̀ á ti máa ṣú bó ṣe máa ń rí níbí nígbà òtútù, oníkálukú á mú àbẹ́là dání. Màmá á gbé sùtánà náà lọ, wọ́n á fi kọ́ irin tó wà níbẹ̀. Àwọn tó ń kọjá lọ á dúró, pàápàá àwọn tiwa, torí wọ́n mọ sùtánà. "Màmá, ta ló ni aṣọ yìí?"

"Ọmọ ìjọ wa obìnrin ni. Wọ́n pa á nítorí pé ó jẹ́ ara rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ló wá gba aṣọ ẹ̀ lọ́wọ́ mi, èmi ni mo ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Wọn kì í fi ìdajì tó kẹ́yìn yẹn sílẹ̀. Ojú máa ń tì mí nígbà náà. Mo rò pé wọ́n ń ba ara wọn lórúkọ jẹ́.

Màmá ti lọ báyìí. Ọ̀dọ̀ mi ni sùtánà náà wà, èmi ni mò ń lọ̀ ọ́, èmi ni mò ń gbé e lọ, èmi ni mò ń pe orúkọ náà sókè. Ṣùgbọ́n kò wúwo tó "padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀", ọ̀rọ̀ tí mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Láìbìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́ kan wá síwájú mi, ó ní òun fẹ́ káàdì tuntun, orúkọ òun ti yí padà. Ìlà gùn lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀gá mi ò sí níbi iṣẹ́, ó rọrùn kí n ní kó padà wá.

Mo ní kó pe orúkọ náà fún mi díẹ̀díẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ bó ṣe ń pè é.