Àpò Ẹ̀yìn Àbúrò Wa

Bí mo bá rí àpò ńlá lẹ́yìn ènìyàn, àbúrò wa tó lọ kàwé ní Jámánì ni mo máa ń rántí. Àpò rẹ̀ kì í kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé àkàrà ló fẹ́ lọ rà ní Oríta-mẹ́rin. Ó ní owó péréte lòun fi rin gbogbo Yúróòpù nígbà tóun wà níléèwé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ ìgbádùn! Ní Róòmù, àwa mẹ́jọ tí a ò mọra rí la jọ sùn ní yàrá kan. Ayé nìyẹn!"

Nígbà tó wálé ọdún Iléyá ní Bẹẹrẹ, ilé kún bámú, ni ìyá wa àgbà bá tẹ́ ẹní fún un sáàárín wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo ẹní, ó wò wá, ó tún àpò gbé kọ́ ẹ̀yìn.

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò lè sùn láàárín èrò. Mo ti gba yàrá sí hòtẹ́ẹ̀lì kan l'Ókè Bọ́lá."

Màmá rọra ká ẹní wọn.

"Àwa la jẹ̀bi, ọkọ mi. Ká ní a ò bá ẹ tan ni, wàá ti nà gbalaja sáàárín wa."