Ọ̀nà Jíjìn Tí Bàbá Mi Yàn

Mo rántí ìgbà tí tábìlì oúnjẹ wa ní Peckham di pápá ìjà nítorí ìsinmi ọlọ́jọ́ díẹ̀. Bàbá mi wa bọ́ọ̀sì nílùú London títí gbogbo irun orí wọn fi funfun. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìntì, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ pé ó wu àwọn: kí àwọn, ìyá mi, àti èmi ọmọ wọn kan ṣoṣo jọ lọ wo Paris, ká sì ti ibẹ̀ dé Amsterdam. Inú gbogbo wa dùn sí i. Ọkọ̀ tí a ó wọ̀ lọ ló dá ìjà sílẹ̀.

Èmi ni mo sọ ara mi di ọ̀gá. Mo ti wo bàálù, mo ti wo rélùwéè tó ń gba abẹ́ òkun kọjá, mo sì ń ṣàlàyé fún àwọn òbí mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

"Daddy, flight yẹn ò ju one hour lọ o. Ká tó mọ̀, a ti dé."

"Coach ni mo fẹ́," ni bàbá mi wí. Bọ́ọ̀sì ńlá tó ń rin ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń sọ.

"Coach kẹ̀? Whole day lórí ìjókòó, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín tó ń wú yẹn?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé èèyàn kiri. Èmi náà fẹ́ kí ẹnì kan gbé mi, kí n máa wo ìta."

Agídí àgbà ni mo pè é. Mo yíjú sí ìyá mi pé kí wọ́n gbè mí. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní Camberwell, wọn kì í sì í fẹ́ ọ̀nà jíjìn rárá. Bí a bá ní ká lọ ra iṣu ní Brixton, àròyé ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, wọ́n kàn ń ká aṣọ. "Jẹ́ ká ṣe é bí Daddy ẹ ṣe fẹ́," ni wọ́n wí. Ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Orí igi ni mo wà.

Báyìí la ṣe wọ coach. Ìyá mi jókòó sí iwájú wa, bàbá mi wà lẹ́bàá fèrèsé, èmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọkọ̀ ojú omi gbé wa kọjá sí ilẹ̀ Faransé, oko aláwọ̀ ewé sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lọ. Ní gbogbo ìgbà tí a bá dé oríta, ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá mi á tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, bíi pé bíréèkì wà níbẹ̀.

"Daddy, ẹ ti retire o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀.

"Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, kò sí operation tó lè tún un ṣe. Ó lè má pẹ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ ohun tó ń yára. Má tíì sọ fún Mummy ẹ."

Ìyá mi ló fọhùn láti iwájú, láìyíjú padà.

"Mo ti mọ̀. Ẹsẹ̀ tó ń wú yẹn, ojoojúmọ́ ni mò ń rí irú ẹ lára àwọn alárùn ọkàn lẹ́nu iṣẹ́. Mo kàn ń dúró kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ ni."

Wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn gba àárín ìjókòó méjèèjì. Bàbá mi dì í mú. Mo rí èjìká ìyá mi tó ń gbọ̀n, mo sì sunkún láìtijú láàárín àwọn àjèjì. Ká ní bàálù mi la wọ̀ ni, bóyá à bá ti balẹ̀ kí bàbá mi tó rí ẹnu là.

Kí òtútù ọdún náà tó mú dáadáa, bàbá mi ti lọ. Ohun tí mo rántí nípa Paris kò tó nǹkan. Ọwọ́ méjì yẹn ni mo rántí.

Lónìí, bí mo bá lọ mú ìyá mi wá sílé láti Camberwell, bọ́ọ̀sì la máa ń wọ̀, bó ti wù kó falẹ̀ tó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí a ṣe dé oríta, mo wolẹ̀, mo rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, èmi tí mi ò wa ọkọ̀ rí. Ìyá mi náà rí i. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórúnkún.

"Fi sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Dírẹ́bà wà níbẹ̀."