Eyín Omi Kànga

Ní Ojo Seco, lápá Durango ní Mẹ́síkò, eyín ni wọ́n fi ń dá ọmọ ìlú mọ̀. Gbogbo wọn ni eyín wọn pọ́n, bíi ti ẹni tó ń fi kọfí fọ ẹnu láti kékeré; omi kànga wọn ni wọ́n ní ó fà á. Bí ọmọ Ojo Seco bá dé ọjà Durango, tó la ẹnu pé òun fẹ́ ra tòmátì, wọ́n á bi í pé, “Ṣé kànga yín ò tíì gbẹ?” Wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Mo ti gbọ́ ẹ̀fẹ̀ yẹn títí, kò pa mí lẹ́rìn-ín rí.

Hermelinda, ọmọ Dónya Práxedis, ìyá aránṣọ, kórìíra eyín rẹ̀ bí ẹni kórìíra ọ̀tá. Láti kékeré ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi etí ìborùn bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Arẹwà ni, ọwọ́ rẹ̀ sì yá níṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí ọkùnrin kankan tó sọ pé òun fẹ́ ẹ. Abundio lọkùnrin náà, ọmọ ìlú Torreón, awakọ̀ tó máa ń kó oúnjẹ adìyẹ wá sábúlé. Ó pẹ́ tó ti ń yà kí wọn, ìborùn yẹn kò sì kúrò lẹ́nu Hermelinda.

Nígbà tí Abundio ní òun ń mú ìyá òun bọ̀ wá tọrọ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, inú Dónya Práxedis dùn dé ẹ̀yìn.

“Omi tí èèyàn ó mu ò ní ṣàn kọjá ẹ̀,” ló wí.

“Màámi, ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa rí ẹnu mi.”

“Kí ló ṣe ẹnu ẹ? Ṣebí irú tèmi náà ni. Bàbá ẹ ò sá.”

“Ojo Seco kọ́ ni wọ́n bí bàbá mi sí ni? Ibo ni wọ́n fẹ́ sá lọ?”

Ìbẹ̀rù yìí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Nicanora, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń fọ ilé ìwẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Durango. Nicanora ò gbèrò ibi, mo mọ̀, àmọ́ inú rẹ̀ ṣì ń bí mi.

“Ìdọ̀tí ni,” ló wí. “Ṣé o ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́?”

“Mo ti fi ọsàn wẹ́wẹ́. Mo ti fi sódà. Mo ti fi èédú lílọ̀. Eyín ń kan mí ṣáá ni, kò mọ́.”

“Ohun tó ò ń lò ni ò le tó. Bí omi ṣe ba táìlì tèmi náà jẹ́ nìyẹn. Tí mo bá ta ásíìdì sí i, funfun báláú! Fi òwú mú díẹ̀ nínú ẹ̀, kó o fi kàn án.”

“Eyín mi kì í ṣe táìlì, Nicanora.”

“Ó dáa, máa bo ẹnu lọ. Kó o sì fi ìborùn jẹun níwájú ìyá ọkọ ẹ.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó tilẹ̀kùn mọ́rí, ó fi ásíìdì tí Nicanora bù fún un pa eyín mẹ́rin iwájú. Ó ta á débi pé omi ń dà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó fọnu tán tó wo dígí, eyín náà ti funfun. Ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀ láìbo ẹnu, ó tún un rín. Nítorí ìdùnnú yẹn, ó tún fi pa á lọ́jọ́ kejì. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, líle ló ń le sí i: erìgì bó, afẹ́fẹ́ lásán ń gún eyín rẹ̀ bí abẹ́rẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, Abundio àti ìyá rẹ̀ dé; ìyá náà gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì dídùn àti ṣokoléètì tí wọ́n ń pò mu wá. Hermelinda jókòó, ó ṣí ẹnu sílẹ̀ gbangba. Ìyá náà fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ife ṣokoléètì gbígbóná fún ìyàwó, kò sì sí ìyàwó tó lè kọ irú ife bẹ́ẹ̀. Hermelinda gbé e mu.

Igbe tó ké, àwọn tó wà lójú títì gbọ́ ọ. Ife bọ́, ó fọ́. Nígbà tó fi ahọ́n kan eyín iwájú, etí eyín náà rún sẹ́nu bí ẹfun.

“La ẹnu, ọmọ mi,” ni Ìyá Abundio wí. Ó wò ó pẹ́. “Ta ló ṣe èyí fún ẹ?”

“Èmi ni, màmá. Mo fẹ́ kó mọ́ kẹ́ ẹ tó dé.”

Abundio kúnlẹ̀ tì í. “Linda, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ já ẹrù níbí, atẹ́gùn gbé ìborùn ẹ nígbà tó ò ń rẹ́rìn-ín. Mo ti rí i tipẹ́. Àbí o rò pé mi ò mọ abúlé tí mo ti ń fẹ́ ìyàwó ni?”

“Kí ló dé tó ò sọ?”

“Mo rò pé ìtìjú lásán ni. Mo ní tó bá yá, á tán.”

Ní Durango, dókítà eléyín sọ ohun tó yẹ kí ẹnìkan ti sọ fún gbogbo Ojo Seco látọjọ́ tó ti pẹ́. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ohun kan wà nínú omi kànga wọn tó ń wọ inú eyín ọmọdé kí eyín náà tó yọ rárá, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè fọ̀ ọ́ nílé tí á kúrò. Eyín pípọ́n yẹn ì bá bá a dalẹ́. Èyí tó funfun ni kò wúlò mọ́. Wọ́n yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nígbà tí erìgì jinná, ọkùnrin tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá ṣí àpótí àpẹẹrẹ eyín síwájú rẹ̀, ó ní kó mú àwọ̀ tó wù ú. Hermelinda wò wọ́n títí. Ó yíjú sí Dónya Práxedis tó sìn ín wá.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ la ẹnu kí wọ́n rí i.” Ó nawọ́ sí eyín ìyá rẹ̀. “Irú èyí ni kẹ́ ẹ ṣe fún mi.”

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó mi orí.

“Arábìnrin, mi ò ní irú àwọ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹ̀.”

Funfun náà ni Hermelinda gbé lọ sílé, ó ń sunkún.